Bíbọ́ Àlìkámà Láti Orí Ewé

Ẹni tí ó bá jí ní ìlú Àbíjàn yóò rí i pé búrẹ́dì gígùn tí àwọn Faransé mú wá ti di oúnjẹ olówó àti tálákà. Ní Treichville àti Adjamé, níbi tí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá ní Anàgó, àwọn ọmọ wa, àti àwọn tí òbí wọn ti Èjìgbò wá, a máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Síbẹ̀, a kì í gbin àlìkámà tí a fi ń ṣe é ní àyíká ìlú náà. Ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ kò bá a lára mu. Ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé e wá.

Èmi tí mo ń kọ́ni ní Àbíjàn ní àbúrò kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Hadejia, ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, tí ó sì ń dá oko àlìkámà. Ní ọdún kan, katakata tí ó háyà pẹ́ kí ó tó dé, ìparí oṣù kejìlá ni ó tó gbìn, dípò oṣù kọkànlá. Ó kọ̀wé sí mi pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, owó díẹ̀ tí mo tọ́jú fún ilé-ìwé ọmọ ni ó kù lọ́wọ́ mi. Ẹnìkan ń ta ajílẹ̀ olómi tí a ń fín sí ewé, ó ní yóò gba àlìkámà lọ́wọ́ ooru. Ṣé ẹ rò pé kí n rà á?”

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ ohun tí ooru ń ṣe. Àlìkámà fẹ́ràn òtútù. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń gbìn ín ní Òkè Ọya, tí wọ́n sì ń fa omi sí i, kí ó lè gbó kí oòrùn oṣù kẹta tó mú. Bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 30 ti Celsius nígbà tí ó ń tanná, púpọ̀ nínú òdòdó rẹ̀ kì yóò so. Bí ó bá bá a nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń kún, ewé a tètè gbẹ, ọmọ a sì rí pẹlẹbẹ.

Ewé pàápàá lè gba oúnjẹ díẹ̀ láti ara awọ rẹ̀ àti àwọn ihò tíntìntín tí ó wà lára rẹ̀. Pòtásíọ̀mù ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣí ihò wọ̀nyí àti láti pa wọ́n dé bí ó ti yẹ, àti láti kó ṣúgà lọ sínú ọmọ. Síǹkì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ májèlé tí ooru ń dá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Náítírójìn inú yùríà ń jẹ́ kí ewé pẹ́ ní tútù.

Nítorí náà mo dá a lóhùn pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ òǹtajà náà, ṣùgbọ́n kò pé. Ohun tí a fín sí ewé kò lè rọ́pò omi, kò sì lè dá ọjọ́ tí ó ti kọjá padà. Mo ní kí ó kọ́kọ́ náwó sí omi. Bí ó bá kù, kí ó ra pòtásíọ̀mù náítréètì tí a kọ orúkọ rẹ̀ sára àpò, kí ó má ra ìgò tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Gíráàmù 100 nínú omi lítà 10 tó. Bí ó bá le jù, a jó ewé. Kí ó fín in ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ṣírí bá fẹ́ yọ, àti lẹ́yìn ìtanná. Kí ó sì fi apá kan oko sílẹ̀ láìfín, kí ó lè fi wé èyí tí ó fín.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ìkórè, ọmọ apá tí ó fín tẹ̀wọ̀n díẹ̀ ju ti apá kejì lọ. Ṣùgbọ́n oko aládùúgbò rẹ̀, tí ó gbìn ní oṣù kọkànlá láìfín ohunkóhun, ta méjèèjì yọ. Owó ilé-ìwé ọmọ kò bá a lọ, nítorí ìwọ̀nba ni ó ná.

Ní Àbíjàn yìí kan náà ni olú-ilé Báńkì Ìdàgbàsókè Áfríkà wà. Ètò TAAT tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ń pín irúgbìn àlìkámà tí ó lè fara da ooru fún àwọn àgbẹ̀. Irúgbìn tí ó dára, àkókò tí ó yẹ àti omi ni ìpìlẹ̀. Fífín ewé jẹ́ àfikún.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa fi apá kan oko ilé-ìwé sílẹ̀ fún àfiwé, kí ẹnu òǹtajà má baà tàn wọ́n. Ẹ sì kọ́ wọn pé òkèèrè ni olójú-jínjìn ti í mẹ́kún sun.