Èènì Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹni tí ó bá ra gaàrí ní ọjà Daagbé mọ̀ pé òṣùwọ̀n tí ó kún kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Bí ìyá olùtajà bá ti da òṣùwọ̀n sínú àpò tán, yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Kò sí ẹni tí ń kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì sí ẹni tí ń dúró de oṣù mẹ́fà kí ó tó gbà á. Ojú ẹsẹ̀ ni a ń fún oníbàárà, ojú ẹsẹ̀ náà ni ó sì ń mú un lọ sílé. Inú àṣà yìí ni a tọ́ wa dàgbà sí. Bóyá ìdí nìyí tí ó fi pẹ́ kí a tó lóye irú èènì tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń fún àwọn oníbàárà wọn, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní programme de fidélité.

Àwa mẹ́ta ni a jùmọ̀ ń ṣòwò epo pupa, àdín àti gaàrí. Ọkọ̀ ojú omi ni ń kó ọjà wa lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú ni ń gbé àwa fúnra wa lọ bá àwọn oníbàárà ní Abidjan, Dakar àti Libreville, nítorí pé gbèsè tí a kò bá fi ẹsẹ̀ ara wa lọ gbà máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ẹni tí ó kéré jù nínú wa ni ó máa ń rìn jù. Ìyá tí ó jẹ́ àgbà wa ni ó ń mú àpò owó lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́ta ni a fi ra tíkẹ́ẹ̀tì láìro ọ̀rọ̀ káàdì rárá. Ọkọ̀ tí owó rẹ̀ bá dín jù lọ́jọ́ náà ni a ń wọ̀. Káàdì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò wa, máìlì díẹ̀díẹ̀ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kan, ó wá sọ fún wa pé máìlì inú ọ̀kan nínú wọn ti tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Dakar ní àlọ àti àbọ̀, pé òun fẹ́ fi mú ìyàwó òun lọ. Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ọmọ mi, ta ni ó ni owó tí a fi ra àwọn tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn?”

Ó dáhùn pé: “Àpò gbogbo wa ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń sùn lórí àga ní pápákọ̀ òfuurufú, orúkọ mi ni ó sì wà lára káàdì.”

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Òfin irú ètò bẹ́ẹ̀ gbè lẹ́yìn àbúrò: ẹni tí ó fò ni ó ni máìlì, kì í ṣe ẹni tí ó sanwó. Òfin àjọṣe gbè lẹ́yìn Ìyá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a kò fi jọ jẹun pọ̀.

Nígbà tí a wá jókòó láti wo iye tí ó wà nínú káàdì náà gan-an, òdo ni a bá níbẹ̀. Ọjọ́ ti kọjá lórí máìlì náà. Iléeṣẹ́ ọ̀hún, tí a kò ní dárúkọ, ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì kan tí àbúrò wa ti pa tì tipẹ́. Ohun tí a ń jà lé lórí ti jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a ń jà. Ìyá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà èwe òun ni òun ti ń dá àjọ, òun kò sì tíì rí àjọ tí ń jẹrà rí.

Ọ̀rọ̀ yìí là wá lójú. Alájọ a máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀, a sì máa dá ìyókù padà fún olówó. Ní ti máìlì, iléeṣẹ́ ni ó ń ṣẹ̀dá rẹ̀, iléeṣẹ́ ni ó ń sọ ohun tí yóò rà, ó sì lè yí i padà lọ́la. Ní ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà tú òkùn tí ó fi so iye owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú lè gbà. Ìdíje wá le, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún ọdún 1981, American Airlines dá ètò AAdvantage sílẹ̀ kí oníbàárà má bàa sá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Okùn ìdè oníbàárà ni, bí ó tilẹ̀ ní ọ̀ṣọ́ ẹ̀bùn lára.

Ẹ má sì gbàgbé pé iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè kú. Àwọn òbí wa mọ Air Afrique, tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé, Dahomey wa náà wà lára wọn, jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1961. Ìgbéraga ni ó jẹ́ fún wọn láti wọ̀ ọ́. Ní ọdún 2002, ó wọlẹ̀. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ìrètí rẹ̀ sínú káàdì kan, kí ó rántí èyí.

Nígbà tí ìbínú rọ̀, a mú ìwé àkọsílẹ̀ ọjà, a sì kọ gbogbo ìrìn-àjò ọdún kan sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “Káàdì wo ni ó dára jù?” bí kò ṣe “Níbo ni a ń lọ, láti pápákọ̀ wo?” Àwa ará Daagbé wà láàárín méjì: Cadjèhoun ní Kùtọ̀nù, àti Ikẹjà ní Èkó tí a lè gba Ìgólò àti Ìdí-Ìrókò dé. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀. Kùtọ̀nù ni a mú. Láti Kùtọ̀nù, ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò wa ni ó ń gba Lomé kọjá, níbi tí ASKY fi ṣe ibùdó láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fò ní ọdún 2010. Ethiopian ni alábàáṣepọ̀ rẹ̀, Ethiopian sì ti wà nínú ẹgbẹ́ Star Alliance láti ọdún 2011.

Ìbéèrè kejì ni bí wọ́n ti ń ka máìlì. Àwọn kan ń ka jíjìnnà ọ̀nà, àwọn kan ń ka owó. Láti ọdún 2018 ni Flying Blue, ètò Air France àti KLM, ti ń ka owó lórí ọkọ̀ wọn: máìlì 4 fún Yúrò kan fún ẹni tí ó wà ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá san nǹkan bí sẹ́fà 262,000, ìyẹn Yúrò 400, yóò gba máìlì 1,600. Ṣùgbọ́n owó orí ìjọba kò sí nínú ìṣirò náà, owó orí sì wúwo lórí tíkẹ́ẹ̀tì ní agbègbè wa. Ní ti jíjìnnà, Kùtọ̀nù sí Abidjan kò tó máìlì 500. Ọ̀nà wa kúrú, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ẹni tí ń ka jíjìnnà nìkan kò lè tètè kún àpò wa.

Ìbéèrè kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún oníṣòwò: kí ni a nílò gan-an? Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹrù kejì tí a kò sanwó fún, tí a lè kó àpẹẹrẹ àdín àti gaàrí sí, ń mú oníbàárà tuntun wá. Nítorí náà, a fi káàdì mẹ́ta sílẹ̀, a sì di ọ̀kan mú, èyí tí ó bá ọkọ̀ tí ń gba Lomé mu. Síbẹ̀, a kì í san àfikún owó ńlá nítorí máìlì. Bí ọkọ̀ mìíràn bá fi sẹ́fà 60,000 dín, òun ni a ń wọ̀.

Ní ti ìjà wa, Ìyá ni ó parí rẹ̀. Ìrọ̀rùn tí káàdì bá mú wá ní ọ̀nà, ti ẹni tí ó rìn ni. Tíkẹ́ẹ̀tì tí máìlì bá rà, ti àpò gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ ti arìnrìn-àjò, àkọ́kọ́ ni yóò sì jẹ́. Àbúrò wa dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń múra láti ṣòwò kọjá bodè, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ irú èyí kí tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó jáde. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí wa ní Daagbé, ẹ ó rí ọjọ́ kan tí a fi ẹfun kọ gàdàgbà. Ọjọ́ tí máìlì wa yóò jẹrà ni. Òwúrọ̀ gbogbo ni Ìyá ń bi wá pé ọjọ́ mélòó ni ó kù.