Ẹ Kú Iṣẹ́ ní Ìtòkú, Hwaiting ní Seoul

Àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta ti ń fi èdè Kòríà gba ara wọn níyànjú. Bí ẹnìkan bá ń lọ ṣe ìdánwò ní FUNAAB, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á di ẹ̀ṣẹ́, á ní, "Hwaiting!" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ọbáńtokò máa ń sọ ọ́ fún èmi náà bí iṣẹ́ bá wọ̀ mí lọ́rùn: "Àǹtí mi, hwaiting o!" Inú fíìmù àtìgbàdégbà tó ń wò lórí fóònù ló ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Kòríà yá ni, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn débi pé ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà á wọlé mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ Kòríà lọ́dún 2021.

Àwọn àgbà kan ń bínú sí i. Wọ́n ní ọmọ Ẹ̀gbá wo ló ń fi èdè Kòríà kíni. Èmi kò bá wọn bínú. Ṣebí ìkíni ni àlejò fi dá àwa náà mọ̀. Ní Freetown, ní Sierra Leone, níbi tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú kalẹ̀, "Akú" ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá, nítorí "ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ẹ ro ó wò ná. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nínú ìdè, tí kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, ṣì ń kí ẹnìkejì rẹ̀ kú ewu, kú ìrọ́jú. Láti ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti ń padà wá sí Abẹ́òkúta, àwọn tí a mọ̀ sí Sàró.

Ẹ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ìyá tó ń rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró, "Àrẹ́dú o" là ń kí i. Ẹni tó pàtẹ ọjà, "Ajé á wọgbá o." Onídìrí, "Ojú gbooro o," òun náà á ní, "Òyà á yà." Bí aboyún bá ń kọjá lọ, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o." Kí èèyàn tó lè kíni báyìí, ó ní láti kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni náà ń ṣe, kó mọ ohun tó ń wá. Hwaiting bá gbogbo iṣẹ́ mu, ti bọ́ọ̀lù ni o, ti ìdánwò ni o. Tiwa tó ń wo iṣẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Oko ni mo gbà pé irú ìkíni yìí ti wá. Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà ló kó àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá jọ sínú ẹgbẹ́ àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló di Ẹgbẹ́ Olórogun tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ní Kòríà, àáró ń jẹ́ pumasi, ẹgbẹ́ abúlé tó máa ń para pọ̀ ṣe iṣẹ́ oko ìrẹsì láyé àtijọ́ sì ń jẹ́ dure. Tìlù-tìlù ni wọ́n máa ń ṣe é nígbà náà. Àwọn tó bá jọ ṣiṣẹ́ kì í túká láìkí ara wọn. Títí dòní, bí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá parí ní Seoul, "Sugohasyeosseumnida" ni wọ́n máa ń sọ, bí ẹni ń sọ pé ẹ kú wàhálà. Ohun kan ṣá yàtọ̀: ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ kì í fẹ́ kí ọmọdé kí wọn bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá kọjá lára àgbà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò kí i ni wọ́n ń bá wí. Mo ń rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi létí èyí, nítorí ó ń gbèrò àtilọ kàwé níbẹ̀.

Ní ti ọdún, àwa àti àwọn ará Kòríà kò jìnnà síra rárá. Bí ọdún tuntun wọn bá dé, ọmọ á forí balẹ̀ fún òbí àti òbí àgbà, wọ́n á wúre fún un, wọ́n á fún un lówó. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń wúre náà bí ẹni pé ó ti ṣẹ: "Mo gbọ́ pé o ti yege." Baba tó bá ń ṣàdúrà fún ọmọ ní Aké yóò mọ irú ìgbàgbọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe jù wá lọ. Lóṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ifáfitì ní Gúúsù Kòríà ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Suneung. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n á fún wọn ní yeot, nǹkan dídùn kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kí àṣeyọrí lè lẹ̀ mọ́ wọn. Wọn kì í fẹ́ fún wọn ní ọbẹ̀ ewéko inú òkun, torí pé ó ń yọ̀. Àwa tí à ń fi oyin àti orógbó wúre mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ọ́fíìsì á pẹ́ ṣí kí ọ̀nà má baà dí. Ọlọ́pàá á gbé ọmọ tó bá fẹ́ pẹ́ lọ síbi ìdánwò. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe apá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fetí gbọ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, ọkọ̀ òfuurufú kì í gbéra, kì í sì í balẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àfi ti pàjáwìrì. Gbogbo ìlú á dákẹ́ nítorí ọmọ.

Àwọn òbí wa náà ń gbààwẹ̀, wọ́n ń ṣe ìṣọ́ òru bí WAEC bá dé. Síbẹ̀, mo ti ṣọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu ìdánwò nílé ìwé kan nílùú yìí rí, tí sípíkà ayẹyẹ ń dún kíkankíkan lójúlé kejì, tí ọmọ ń fi ìka di etí ka ìbéèrè. Àdúrà òbí ọmọ yẹn ṣe pàtàkì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ aládùúgbò náà ṣe pàtàkì.

Ìlú tó ti ní Abeokuta Grammar School láti ọdún 1908, tó ti ní Baptist Boys' High School láti 1923, mọ ohun tí ìwé ṣe fún un. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, láti Aké dé Òkè-Ọnà, láti Gbágùrà dé Òwu, mo bẹ̀ yín: tí WAEC bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ pa sípíkà tó bá wà nítòsí ilé ìwé títí àwọn ọmọ á fi jáde. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má fun fèrè lẹ́nu géètì wọn. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá rí ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé.