Ọdún Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta Lẹ́yìn Ẹgbẹ́ Melbourne

Ẹni tí ó ti kọ́lé rí mọ̀ pé kíkọ́ ilé tuntun kò le tó wíwó ilé tí ènìyàn ṣì ń gbé láti tún un kọ́. Òjò kò ní dúró de bíríkìlà, àwọn ọmọ kò sì ní ibòmíràn tí wọn yóò sùn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Melbourne ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn aláṣẹ wó ẹgbẹ́ náà lé wọn lórí, wọ́n ní àwọn ń tún un kọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n máa san owó ọmọ-ẹgbẹ́ lọ́dọọdún lórí àlàpà náà. Wọ́n san án.

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Pápá rẹ̀ rí bí ẹyin, bọ́ọ̀lù rẹ̀ náà sì rí bí ẹyin. Ènìyàn méjìdínlógún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n lè gbé e sáré bí wọ́n bá ń fi í lu ilẹ̀ lóòrèkóòrè, wọ́n sì lè fi ìkúùkù lù ú sí ẹlẹgbẹ́ wọn. Òpó mẹ́rin ni ó wà ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù tí a bá gbá gba àárín òpó gíga méjì jẹ́ góòlù, àmì 6 ni. Èyí tí ó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jẹ́ àmì 1 péré. Ìdí nìyí tí àmì ayò fi máa ń kọjá 100 nígbà mìíràn. Ọdún 1858 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Melbourne sílẹ̀, àgbà sì ni láàrin àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń gbá a. Aṣọ aláwọ̀ pupa àti búlúù ni tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí bàbá rẹ̀ mú lọ sí pápá ìṣeré ńlá MCG ní ọdún 1964 láti wo àṣekágbá Melbourne pẹ̀lú Collingwood. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, Neil Crompton, ẹ̀yìn ni ipò tirẹ̀ wà, kò sì sí ohun tí ó kàn án níwájú, ni ó gbá góòlù tí ó fún Melbourne ní ìṣẹ́gun. Àmì 4 ni wọ́n fi borí. Ife kẹfà nìyẹn láàrin ọdún mẹ́wàá, Norm Smith sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ta ni yóò bá ọmọ náà wí bí ó bá rò pé ife gbígbà jẹ́ ohun tí ń bọ̀ lọ́dọọdún, bí ìgbà tí ọyẹ́ ń dé?

Ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lé Norm Smith ní àárín sáà. Wọ́n pè é padà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Ọdún méjìlélógún ni ẹgbẹ́ náà kò fi dé ipele àwọn tí ó ń du ife mọ́. Àwọn kan láàrin àwọn alátìlẹ́yìn ní èpè Norm Smith ni ó ń jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ti èpè gbọ́ kí ó gbà á. Ìgbìmọ̀ tí ó lè lé ẹni tí ó gba ife mẹ́fà kò nílò èpè ẹnikẹ́ni kí nǹkan tó dojú rú fún un.

Ọmọ ọdún 1964 ti di ẹni ọdún 33 nígbà tí ìrètí tún yọjú ní 1987. Ìdíje kan ṣoṣo ni ó kù kí wọ́n dé àṣekágbá. Melbourne ni ó ń borí Hawthorn títí fèrè ìparí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ireland kan tí wọ́n mú wá láti ìlú Dublin, Jim Stynes, wá sáré gba ibi tí òfin kò gbà á láyè, rẹfirí sì sún ẹni tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà, Gary Buckenara, síwájú ní mítà 15. Buckenara gbá a wọlé lẹ́yìn tí fèrè ti dún. Àmì 2 ni wọ́n fi pàdánù. Ní ọdún kejì wọ́n dé àṣekágbá, Hawthorn náà sì fi àmì 96 nà wọ́n. Ní 2000, Essendon fi 60 nà wọ́n.

Láàrin méjèèjì, ohun tí ó burú ju ìyà lọ ṣẹlẹ̀. Ní 1996, wọ́n fẹ́ pa Melbourne pọ̀ mọ́ Hawthorn kí méjèèjì di ẹgbẹ́ kan. Wọ́n pe àwọn ọmọ-ẹgbẹ́ sí ìdìbò. Àwọn ti Melbourne dìbò pé kí a pa wọ́n pọ̀, àwọn ti Hawthorn ni ó kọ̀. Ìtìjú ńlá ni fún alátìlẹ́yìn láti mọ̀ pé ọ̀tá ni ó gba ilé òun là, àwọn ará ilé sì ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tà á. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yòókù a máa fi ti Melbourne ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, pé bí ẹgbẹ́ wọn bá ti ń fìdí rẹmi nígbà òtútù, orí òkè ni wọ́n ń gbà lọ láti lọ ṣeré lórí yìnyín.

Ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2008. Kí ó tó lè yé ẹni tí kò mọ̀, ó yẹ kí a ṣàlàyé ètò ìṣàyàn. Ní Ọsirélíà, ẹgbẹ́ kò lè fi owó ra ọ̀dọ́ tí ó bá wù ú. Lópin sáà kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹgbẹ́ máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ láti ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó nǹkan bí ọdún méjìdínlógún. Ẹni tí ó gbẹ̀yìn nínú líìgì ni yóò kọ́kọ́ ṣà. Ète rẹ̀ dára, kí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè ni. Nígbà náà, òfin mìíràn tún wà pé ẹgbẹ́ tí kò bá borí tó ìgbà márùn-ún lọ́dún, fún ọdún méjì léraléra, yóò gba ẹ̀bùn ìṣàyàn kan sí i kí ẹnikẹ́ni tó ṣà. Melbourne borí ní ìgbà mẹ́ta péré ní 2008. Bí wọn kò bá borí ju ìgbà mẹ́rin lọ ní 2009, àwọn ni yóò ṣa ẹni kìn-ín-ní àti ẹni kejì.

Èyí ni ó bí ìdíje wọn pẹ̀lú Richmond ní ọdún náà. Melbourne ni ó wà níwájú. Fèrè dún, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Jordan McMahon ti Richmond. Ó gbá a wọlé. Àmì 4 ni wọ́n fi pàdánù, iye kan náà tí ó fún wọn ní ife ní 1964. Kí ni ọkùnrin ẹni ọdún 55 náà yóò ṣe? Bí ó bá bínú, àwọn aládùúgbò yóò ní kò mọ ohun tí ó dára fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì yọ̀, ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní pápá kò nítumọ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n ti ba àwọn alátìlẹ́yìn jẹ́ gan-an nìyí, ó sì burú ju àmì ayò kankan lọ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ líìgì ṣe ìwádìí, wọ́n kéde ní 2013 pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù. Síbẹ̀ wọ́n bu owó ìtanràn 500,000 dọ́là lé e, wọ́n sì jẹ àwọn méjì kan níyà nítorí ìwà tí kò bójú mu.

Kí ni wọ́n fi gbogbo ìyà yẹn rà? Jack Watts ni wọ́n kọ́kọ́ ṣà ní 2008, Tom Scully àti Jack Trengove ni ti 2009. Watts ṣì wà ní ilé-ìwé girama nígbà tí wọ́n gbé e wọ pápá fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, àwọn géńdé Collingwood sì bò ó mọ́lẹ̀ ní kété tí ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Scully lo sáà méjì péré, ó sì bá ẹgbẹ́ tuntun tí ń jẹ́ GWS lọ. Wọ́n fi Trengove ṣe ọ̀kan nínú balógun ẹgbẹ́ méjì ní 2012, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ogún ọdún. Kò sí ẹni tí ó kéré tó o rí ní ipò náà nínú ìtàn líìgì. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó dàgbà débi tí wọ́n rò. Lópin ọdún 2010 kan náà ni wọ́n ti sọ fún James McDonald tí ó jẹ́ balógun nígbà náà pé àkókò rẹ̀ tó. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Àwọn tí ó ń tún ilé Melbourne kọ́ kó ọwọ́ ọmọdé jọ, wọ́n lé àwọn tí ọwọ́ wọn tó pẹpẹ. Olùkọ́ tí ó bá ti rí ilé-ìwé tí wọ́n fi àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nìkan ṣiṣẹ́, láìsí ẹni tí yóò tọ́ wọn sọ́nà, kò ní nílò kí a ṣàlàyé ìyókù.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Keje, ọdún 2011, wọ́n lọ sí pápá Geelong. Àmì 233 ni Geelong gbá. 47 ni Melbourne. Àlàfo 186 nìyẹn. Àwọn alátìlẹ́yìn kò sọ ọjọ́ náà lórúkọ mìíràn. Bí wọ́n bá ti pe ‘186’, ó ti yé gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Alága ẹgbẹ́ nígbà náà ni Jim Stynes, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sáré gba ibi tí kò yẹ ní 1987. Ó ti di àgbà. Lẹ́yìn àṣìṣe yẹn, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Brownlow ti agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní 1991, ó sì gbá ìdíje 244 láìfo ẹyọ kan. Nígbà tí ó di alága ní 2008, gbèsè nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ni ó bá. Ó tọ àwọn alátìlẹ́yìn lọ, àwọn kan náà tí wọ́n ń jẹ ìyà lórí pápá, wọ́n sì dá owó títí gbèsè náà fi tán ní 2010. Àrùn jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀ láti ọdún tí ó ṣáájú. Ó kú ní oṣù Kẹta, ọdún 2012, kò rí ohun tí ó fi ara rẹ̀ kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi alátìlẹ́yìn Melbourne ìdí tí kò fi sá lọ, orúkọ Stynes ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gan-an ni wọ́n kàn ní 2013. Nínú ìdíje 22, méjì péré ni wọ́n borí. Essendon nìkan fi àmì 148 nà wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Paul Roos, tí ó gba ife fún ẹgbẹ́ Sydney ní 2005, ni wọ́n bẹ̀ kí ó wá. Kò ṣèlérí ife. Ó kọ́kọ́ kó àwọn tí ojú wọn ti là wọlé, Daniel Cross àti Bernie Vince, kí àwọn ọmọdé lè rí ẹni tí wọn yóò wò kọ́. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ wọn bí a ṣe ń dáàbò bo ilé ẹni. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n borí ní 2014, méje ní 2015, mẹ́wàá ní 2016, kí ó tó fa iṣẹ́ lé Simon Goodwin lọ́wọ́. Ní 2017, ìdá díẹ̀ nínú ìṣirò àmì ayò, kò tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó dí wọn lọ́nà ipele ìdíje ife. Ní 2018 wọ́n kù ìdíje kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Ní 2019 wọ́n tún ṣubú sí ipò kẹtàdínlógún nínú ẹgbẹ́ méjìdínlógún. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nínú ìṣàyàn ọdún 2009 tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ gbogbo ìyà yẹn, ọ̀dọ́ kan wà tí ó ga fíofío, tí wọ́n mú ní ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹni tí ó pàdánù ìdíje kankan nítorí rẹ̀. Max Gawn ni orúkọ rẹ̀. Òun ni balógun ní 2021. Ìdíje tí ó kẹ́yìn kí ipele ife tó bẹ̀rẹ̀ mú wọn padà sí pápá Geelong, ibi tí wọ́n ti jẹ 186 ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Wọ́n fi àmì 44 wà lẹ́yìn. Wọ́n lé e títí fèrè fi dún, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Gawn. Ó gbá a wọlé. Ipò kìn-ín-ní nínú líìgì di tiwọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1964.

Àṣekágbá bọ́ sí ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án. Àrùn Kòrónà ti sọ ìlú Melbourne di kónílé-ó-gbélé, nítorí náà wọ́n gbé ìdíje náà lọ sí ìlú Perth, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà. Western Bulldogs fi àmì 19 ṣáájú ní ìdá kẹta eré. Kí eré tó parí, Melbourne ti fi àmì 74 borí, 140 sí 66. Christian Petracca ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tí ó tayọ lórí pápá ní ọjọ́ náà, orúkọ Norm Smith ni wọ́n sì fi sọ àmì-ẹ̀yẹ ọ̀hún.

Ọkùnrin ẹni ọdún 67 náà kò lè jáde nílé. Bí bàbá rẹ̀ ti mú un lọ sí pápá kò ṣeé ṣe fún un láti mú ọmọ tirẹ̀ lọ. Iwájú tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ irú wọn ti wò ó, ẹlòmíràn ní òun nìkan. Nathan Jones náà kò sí lórí pápá. Láti 2006 ni ó ti wà níbẹ̀, ó gbá ìdíje 302, ó rí ọjọ́ 186, ó ṣe balógun ní àwọn ọdún tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ oyè náà. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bí ìbejì ní Melbourne, ó sì fi àgọ́ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Perth, ó padà sílé. Àwọn kan káàánú rẹ̀ ju bí wọ́n ti yọ̀ sí ife lọ, kò sì jọ pé wọ́n ṣì í.

Ife náà kò so ilé ró títí. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, wọ́n yọ Goodwin níṣẹ́. Kí ọdún náà tó parí, Petracca ti lọ sí Gold Coast, Clayton Oliver sì ti bá GWS lọ, ẹgbẹ́ kan náà tí ó gba Scully lọ́wọ́ wọn ní 2011. Bí ọmọ ọdún 1964 bá ṣì wà láàyè nígbà náà, ẹni ọdún 71 ni, owó ọmọ-ẹgbẹ́ ti ọdún 2026 sì wà lọ́rùn rẹ̀ láti san.