Ẹ̀rí Tí N Kò Jẹ́ Tán

Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017 bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Báńdéèjì ṣì wà lórí mi nígbà tí mo dìde níwájú ìjọ wa ní Iléṣà láti jẹ́ ẹ̀rí. Mo ní ọkọ̀ wa gbókìtì lójú ọ̀nà, mo ní taya ló bẹ́, mo ní Ọlọ́run yọ mí. Ìjọ hó yèè. Ìyá mi wólẹ̀, ó ń yí gbirigbiri. Àwa méjì la wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ti sin ẹnì kejì.

Mo fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí yẹn tán lónìí.

Ọmọ ọdún 22 ni mí nígbà náà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbé yàrá kan l'Ékòó, ṣùgbọ́n àdúgbò kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà ní Iléṣà. Bí oúnjẹ ilé wa kò bá tíì jinná, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi yá wa ní ọkọ̀ pé ká fi lọ ṣe Kérésì nílé. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Ọ̀pẹ ni. Àárọ̀ ló yẹ ká gbéra, àmọ́ a ti ṣe àríyá mọ́jú, n kò sùn ju wákàtí méjì lọ, ìrọ̀lẹ́ la tó kúrò nílé. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lásìkò tí wọ́n ń tún un ṣe mọ irú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa ń wà ní Ìbafò àti Mọ̀wé bí ọdún bá ti ń parí lọ. Nígbà tí a ó fi dé Ìwó Road n'Ìbàdàn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá. Inú ń bí mi. Gbogbo wákàtí tí mo ti pàdánù, mo ní dandan, mo máa gbà á padà kí n tó délé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kó lè nà díẹ̀. Èmi de bẹ́líìtì. Kì í ṣe nítorí ẹ̀mí mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni mò ń bẹ̀rù, iwájú ni mo sì gbà pé wọ́n máa ń wò. Òun kò de tirẹ̀. N kò sọ fún un pé kó dè é.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wakọ̀ nínú rẹ̀ mọ̀ ọ́n: eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aginjù Sàhárà á bo ọ̀nà, bí o bá sì tan iná ńlá, eruku náà á dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ọ lójú. Àsìkò ká rọra rìn ni. Èmi ń sáré. A kọjá Aṣẹ́jìrẹ́. A kọjá Ìkirè, n kò dúró ra dòdò tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ní ká rà bọ̀. Mo wo míítà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kọjá 130. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, 100 ni òfin fi mọ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Mo mọ̀.

Ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Rọra o, ilé ò sá lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ó pe orúkọ mi, ó tún un sọ. Mo yí rédíò sókè.

Lẹ́yìn èyí ni fóònù mi tàn, mo sì wò ó. Mo ti ṣírò rẹ̀ láìmọye ìgbà láti ọjọ́ náà: ọkọ̀ tó ń sá 130 ń lọ mítà 36 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí n fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta wo fóònù, mo ti rin gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan bí afọ́jú. Nígbà tí mo gbójú sókè, tírélà ló dúró gbagidi níwájú mi, kò ní iná kankan, ewé tútù díẹ̀ ni wọ́n já sẹ́yìn rẹ̀. Mo yà bàrá. Taya bẹ́ lóòótọ́. Ìgbà tí a gun ìdènà àárín títì ló bẹ́, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́ nígbà yẹn.

Bẹ́líìtì gbé mi ró. Inú igbó ni wọ́n ti bá òun, ó jìnnà sí ọkọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó wá gbé wa bi mí pé eré mélòó ni mò ń sá. Mo ní 80. Ó wò mí títí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àdúgbò ti ní àlàyé tiwọn. Àwọn kan ní ebi ló ń pa ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì dárúkọ ìyá arúgbó kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa. Mo gbọ́. N kò la ẹnu mi. Wọn kò kí ìyá náà mọ́ títí ó fi kú.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ yìí ti ń pa ọ̀dọ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ń ṣòfò níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ sì wà lára àwọn tó dìde sí i. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Wọn kò tíì bí mi nígbà tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń pariwo pé eré àsápajúdé ló ń pa wá.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń múra àtilọ sílé ọdún, mo bẹ̀ yín. Bí o kò bá sùn, má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Àkókò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà lọ́wọ́ rẹ, fi í sílẹ̀. Ìwọ tí wọ́n ń gbé, de bẹ́líìtì ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tí o wà yẹn; bí o bá sì ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí wọn kò gbọ́, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, pariwo, kí wọ́n dúró kí o bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́.

Irọ́ tó wọ̀ mí lọ́rùn jù ni èyí tí mo pa fún ìyá rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ó ń sùn ni, kò mọ nǹkan kan." Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo àlejò, á ní ọmọ òun sùn lọ ni. Bó bá sì rí mi, á gbàdúrà fún mi, á pè mí ní ọmọ òun.

Oṣù Ọ̀pẹ tó kọjá, mo lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: oorun, 130, fóònù, ìyá arúgbó. Mo ní, "Màmá, kò sùn. Ó ní kí n rọra."

Kò sunkún. Ó ní, "Báwo ló ṣe sọ ọ́?"

Mo ní, "Ó ní, 'Rọra o, ilé ò sá lọ.'"

"Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Mo fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́.

Ó dákẹ́ lọ bí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún un, tó bá ń sáré bọ̀ láti iléèwé."

Mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ní kí n dìde.