Ojú Ọ̀run Nínú Omi Ògùnpa

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Fọ́tò kan wà nílé wa lẹ́bàá Màpó tí ó ti lo ohun tí ó lé ní ogójì ọdún lára ògiri kí òtítọ́ tó bá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá a tán, ẹnu mi kò gbà á láti pè é ní irọ́.

Àbúrò bàbá mi ni ó ya fọ́tò náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ, Bàbá Fọ́tò sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀. Ó wó ilé, ó kó ọjà lọ, ẹ̀mí tí ó sì bá a lọ lé ní 100. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí ń ta aṣọ ní Agbeni, wà lára àwọn tí a kò rí mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Fọ́tò gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò. Omi ti rọlẹ̀, ó dákẹ́ bíi dígí láàárín àwọn ògiri tí ó wó. Nínú fọ́tò náà, ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ọ̀run dúdú yìí ni mo sì máa ń ròyìn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí bí ọjọ́ náà ti rí.

Nígbà tí ọ̀rinrin bẹ̀rẹ̀ sí í ba fọ́tò náà jẹ́, ọmọbìnrin mi gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ tún un ṣe ní àwọ̀ méjì péré, dúdú àti àwọ̀ aró. Kò pẹ́ tí ó fi pè mí.

“Bàbá, ẹ wò ó. Ọ̀run dúdú lókè, ṣùgbọ́n ó mọ́ nínú omi. Báwo ni?”

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá. Omi kì í dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí i lójú padà. Nítorí náà ni àwòrán ọ̀run nínú omi fi sábà máa ń ṣókùnkùn ju ọ̀run fúnra rẹ̀ lọ. Ìkùukùu kan náà ni ó wá dúdú lókè, tí ó sì funfun nísàlẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ti kan ọ̀run.

Mo mọ ọwọ́ náà. Mo ti dúró rí nínú yàrá òkùnkùn tí Bàbá Fọ́tò ti ń fọ fọ́tò, lábẹ́ gílóòbù pupa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ sí lórí pépà ni yóò dúdú jù. Àtẹ́lẹwọ́ ni ó fi ń síji bo apá ìsàlẹ̀, tí yóò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa bá òkè lọ. Òun kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, láàárín ọdún 1850 sí 1860, Gustave Le Gray a máa so fíìmù onídígí méjì pọ̀, ọ̀kan fún òkun, ọ̀kan fún ọ̀run, nítorí pé ọ̀run kì í hàn dáadáa bí a bá ya méjèèjì pọ̀. Bí a bá dúró ní Màpó tí a fi dígí pupa bo ojú kámẹ́rà tí a fi fíìmù dúdú-àti-funfun sí, ọ̀run aláwọ̀ aró yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àwọn òrùlé dídógùn-ún Ọjà'ba yóò sì mọ́. Ojú lásán kò rí i bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ta ni yóò pe ìyẹn ní irọ́?

Àwa Yorùbá gan-an ti gba irú nǹkan báyìí láàyè. Stephen Sprague, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1978, ṣàlàyé bí àwọn ayafọ́tò wa ti ń ṣe fún ìbejì tí ọ̀kan ti kú: wọn a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì fọ ọ́ pọ̀ kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Kò sẹ́ni tí ó tàn jẹ, nítorí gbogbo ilé ni ó mọ ohun tí a ṣe àti ìdí tí a fi ṣe é.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀. Bàbá Fọ́tò kò sọ fún ẹnikẹ́ni kí ó tó kú. Ó dá mi lójú pé ọ̀run ọjọ́ Àìkú, èyí tí ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ni ó fi bo omi ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀fọ̀ ni ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà láyé nígbà náà ti gbàgbé pé oòrùn ràn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo fi ojú ọwọ́ rẹ̀ rọ́pò ojú ti ara mi. Tèmi bá rí báyìí, kí ni ti àwọn tí a kò tíì bí?

Ọmọ mi ní ìṣẹ́jú kan péré ni yóò gba òun láti mú omi dúdú kí ó lè bá ọ̀run mu. Fọ́tò náà ì bá dùn ún wò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí ó fi àwọ̀ aró sí i bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n kí ó fi omi sílẹ̀ bí ó ti wà. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò àtijọ́: “Omi Ògùnpa, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án 1980. Ọjọ́ náà mọ́. Ẹni tí ó yà á ni ó mú ọ̀run dúdú, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”