Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ìsédò

Ọmọ Kèrè ni mí, láàárín àwọn òkè àpáta Dassa-Zoumè ní ilẹ̀ Benin. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ìsédò ni mo fi dàgbà, Nangbéto lórí odò Mono ní ilẹ̀ Togo sì ni mo ti kọ́ ọ. Ifẹ̀ ni àwọn ará Atakpamé tó wà nítòsí ibẹ̀; èdè wọn kò ṣòro fún ọmọ Ìdáàṣà bíi tèmi, ara mi sì tètè mọlé.

Ní 1968 ni Togo àti Dahomey (Benin òde òní) pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ iná mànàmáná CEB sílẹ̀. Akosombo ní Ghana ni iná ti kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tó di 1987, Nangbéto bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: tọ́báìnì méjì, agbára mẹ́gáwáàtì 65, adágún tó fẹ̀ tó kìlómítà 180 níbùú lóròó nígbà tó bá kún. Ó lé ní 10,000 ènìyàn tó kó kúrò nílẹ̀ bàbá wọn nítorí rẹ̀. Mi ò gbàgbé wọn rí. Gbèsè wọn wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣọ́ omi náà.

Erùpẹ̀ tí a kì mọ́lẹ̀ ni ìsédò Nangbéto, kọnkéré ló sì gbé tọ́báìnì àti àwọn ìlẹ̀kùn omi. Kò sí ìsédò erùpẹ̀ tí omi kì í sun lára rẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa láti béèrè ohun méjì: báwo ni omi náà ṣe pọ̀ tó, àwọ̀ wo ló sì ní? Bó bá mọ́ gaara, tí kò sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọkàn á balẹ̀. Bó bá rú, a jẹ́ pé inú ìsédò ló ń kó jáde. Bí ìsédò Teton ní Amẹ́ríkà ṣe wó nìyẹn ní June 5, 1976, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún un.

Láyé ìgbà náà, okùn ìwọ̀n la ń sọ sínú àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rì sínú erùpẹ̀, ká lè mọ ibi tí omi gùn dé. A ń gé igi kí gbòǹgbò má baà lu ihò, a ń wá ilé ikán àti ihò eku, a sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ kì í rìn lórí ìsédò kó rí koríko tó tutù lójú ọ̀gbẹlẹ̀.

Àyípadà tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí ló ń pa ìsédò ju ọjọ́ orí lọ. Ẹgbẹ́ Nangbéto ni ìsédò Alau ní Nàìjíríà. Ó já ní September 2024, omi sì gba Maiduguri.

Iṣẹ́ wa kò tún parí sí ẹsẹ̀ ìsédò mọ́. Lẹ́yìn ìkún omi 2010, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, títí dé Athiémé ní Benin, mọ bí ìkìlọ̀ tó tètè dé ṣe níye lórí tó. Àgbélébùú Pupa ti Togo ti fi kọ̀ǹpútà kún un láti mọ ìgbà tí omi Nangbéto yóò kún àkúnya. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má fi owó àyẹ̀wò du ìsédò tó ń dàgbà, kí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ka àwọn ìwé àtijọ́ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ẹni tó sì máa ṣí ìlẹ̀kùn omi kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí abúlé tí omi náà yóò gbà kọjá.