Ohun Tó Wà Nínú Abọ́ Oúnjẹ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ní táàmù tó kọjá pé kí ló dé tí mo máa ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ sí láàbù físíìsì lásìkò bíréèkì, ẹ wá gbọ́ o. Kì í ṣe oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní mo ń dá àkàrà jẹ, mo ti dárí jì ọ́. Bàálù ni. Bàálù ike tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 127. Vernier caliper ni mo ń wá lọ síbẹ̀, torí pé olùkọ́ wa ò gbà kí n mú un lọ sílé.

Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Leeds ló fi bàálù náà ránṣẹ́. Láti kékeré ni Ọ́ńkù ti ń to irú bàálù yìí. Inú páálí ni wọ́n ti ń tà á ní wẹ́wẹ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa gé e, wàá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wàá sì kùn ún. Eléyìí jẹ́ Spitfire, bàálù táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi jagun lójú ọ̀run ìlú wọn ní 1940. Ibi tí awakọ̀ ń jókòó nínú irú páálí bẹ́ẹ̀ kì í ní nǹkan púpọ̀, àga kan àti ọ̀pá kan. Nítorí náà, Ọ́ńkù tún ra yàrá awakọ̀ mìíràn lọ́tọ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn fi resin ṣe. Gbogbo nǹkan ló wà lára ìyẹn: bẹ́líìtì àga, àwọn aago iwájú, títí dé àwọn bọ́tìnnì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó tí glaucoma fi mú wọn lójú. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹnu bílédì dáadáa mọ́, pé kí n bá àwọn tò ó, àwọn á wò ó tí àwọn bá wálé lóṣù Kejìlá. Wọ́n wá fi kún un pé, "Tètè ṣe é o." Wọn ò sọ ìdí tí mo fi ní láti tètè ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n.

Èmi rò pé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Wọ́n kọ 1/72 sára páálí, wọ́n kọ 1/72 sára ọ̀rá resin. Ó parí, àbí? Ẹ̀yin tó ń ṣe Jọ́gíráfì mọ skéèlì lórí máàpù, òun náà nìyẹn. Apá Spitfire gidi láti ìkángun dé ìkángun jẹ́ mítà 11.23. Fi 72 pín in, ó di mìlímítà 156. Fi 48 pín in, ó di 234. (72 yẹn ò ṣàdédé wá. Ínǹṣì kan ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn ínǹṣì 72. Ti 1/35 tí Tamiya ní Japan fi ń ṣe ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín: torí kí bátìrì àti mọ́tò lè ráyè nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.)

Ọ̀rá resin kejì tún wà nínú ẹrù náà. 1/48 ni wọ́n kọ sí tiẹ̀ lára. Lẹ́tà rẹ̀ kéré gan-an, mo sì mọ̀ pé Ọ́ńkù ò rí i ni wọ́n ṣe fi sí i. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ ni ó fi tóbi ju tèmi lọ, òmìrán nìkan ló lè jókòó sórí àga rẹ̀. Mi ò sọ fún wọn. Òun ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé resin, torí ó máa ń kán pẹ́kẹ́, gúlù ike kì í sì í mú un, àfi super glue. Inú omi ni mo ti ń fi sáńpépà ha á, mo sì máa ń bo imú, torí eruku rẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí mo wá fi yàrá resin ti 1/72 sínú bàálù, tí mo fi sẹ́lótéèpù so ara bàálù méjèèjì pọ̀, ó yanu sílẹ̀ bí ẹja. Àlàfo mìlímítà 2! Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ẹ̀yìn ọ̀rá náà dáadáa: páálí ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n wọn kí wọ́n tó ṣe é. Skéèlì kan náà, ara ọ̀tọ̀.

Caliper ló là mí lóye. Ike ara bàálù mi nípọn tó mìlímítà 1.2. Ẹ fi 72 sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 8. Spitfire gidi kọ́ nìyẹn, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bo ìyẹn lára. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bí ike tirẹ̀ ṣe nípọn tó, ẹni tó ṣe resin sì ti wọn ti ẹlòmíì.

Mo ké sí Ọ́ńkù lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "Inú ike ni kó o há, má fọwọ́ kan ara resin tí ojú máa rí. Èyí tó bá gùn jù, ibi tó fara pamọ́ ni kó o ti gé e." Ilẹ̀ yàrá náà fi mìlímítà 2 gùn jù, mo gé e níwájú, lẹ́yìn pátákó àwọn aago, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí. Àga ga jù, ó ń ti dígí orí bàálù sókè, abẹ́ àga ni mo há.

Inú ike ló gba ọ̀sẹ̀ méjì. Wàá há díẹ̀, wàá gbé e síwájú iná, ibi tí iná bá ti ń hàn ti fẹ́ẹ́lẹ́ nìyẹn. Màmá mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bàálù yẹn ló máa pọnmi fún wa ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú mà, mo ń bọ̀," mo tún há a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lu. Ihò tó tó ẹyọ ìrẹsì, lápá òsì, lábẹ́ dígí gan-an. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn, Ọ́ńkù ò sì ní ojú tí wọ́n á fi dúró de òmíràn.

Mo po pọ́dà Màmá mi mọ́ super glue, mo fi dí i, mo há a títí ó fi jọ̀lọ̀, mo kùn ún. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí Leeds, apá ọ̀tún ni mo yà.

Ọ́ńkù dé lọ́jọ́ kejì Kérésì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé bàálù náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e súnmọ́ fèrèsé, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, nígbà tó yá wọ́n kúkú di ojú, wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò wò ó. Ó rìn láti imú bàálù, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró lápá òsì lábẹ́ dígí.

"O lu ibí yìí já."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Kí lo fi dí i?"

"Pọ́dà Mọ́mì ni sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n wá ní kí n jókòó, kí n sọ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá awakọ̀ náà fún àwọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n má fo ìkankan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́líìtì àga.